Àríkẹ́ Fi Òótọ́ Ba Ọjà Jẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní Ìgbó-Ọrà, kó kọ́kọ́ lọ kí Àríkẹ́ ní ojú ọ̀nà Ìdèrè. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilé, kó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, kó má jẹ̀ẹ́ kí obìnrin náà rí òun.

Kì í ṣe pé ó máa ń purọ́. Ká ní irọ́ ló ń pa ni, Bámiṣẹ́, ajẹ́ńtì tó ń báni ta ilé, ì bá ti rí ibi mú un. Òótọ́ ni obìnrin yìí máa ń sọ, òótọ́ ọ̀hún á sì pọ̀ débi pé ẹni tó mú owó wá á tún mú un padà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé òótọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ohun tí wọn kò sọ ni pé èèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ gbé òótọ́ lọ sọ́jà kí ọjà lè kù tà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí Ọ̀ṣúndáre, ọkọ Àríkẹ́, kú, ilé kan àti ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀. Japheth lorúkọ ọmọ náà. Àríkẹ́ kọ́ ló bí i. Ìyáálé rẹ̀ ló bí i, ìyáálé náà sì kú nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú lọ́wọ́. Àríkẹ́ ló gbé e pọ̀n, òun ló mú un lọ síléèwé, òun ló ń ta ẹ̀gúsí títí ọmọ fi di ẹni tó ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ọmọ tó dúró. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Japheth, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn létí.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọmọ ló ni ilé. Ká tiẹ̀ ní ìyàwó ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀, ká tiẹ̀ ní owó ẹ̀gúsí rẹ̀ ni wọ́n fi ra páànù orí ilé, bí ọkọ bá ti kú, abẹ́ ojú rere ọmọ ló ń gbé. Àríkẹ́ ló pọn omi ilé yẹn, Àríkẹ́ náà ló sì ra páànù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀ rí. Wọ́n kàn ń sọ fún un pé “ẹ kú iṣẹ́” ni.

Ní ọjọ́ kan, Japheth dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú búrẹ́dì àti ìròyìn. Ó ní òun ti rí ilé kan tí òun fẹ́ rà, owó ọwọ́ òun kò sì tó, nítorí náà òun máa ta ilé Bàbá.

“Màmá, ẹ ò ní jìyà o,” ó ní. “Yàrá yín ti wà nílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tura. Ẹ ó kàn máa bá wa mójú tó àwọn ọmọ ni.”

Àríkẹ́ ti lọ kí wọn ní Ìbàdàn rí. Géètì ló ń wò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kò sẹ́ni tó kọjá tó ní “ẹ kú ìjókòó”. Ó fẹ́ràn Japheth dénú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ohun tó sì wá dùn ún jù ni pé ọmọ náà kò bi í léèrè. Ó kàn sọ ọ́ fún un bí ìgbà tí èèyàn ń sọ fún adìẹ pé a ti fẹ́ gbé àgò kúrò níbí.

“Mo ti gbọ́, ọmọ mi,” ni Àríkẹ́ fèsì, ó sì ya búrẹ́dì jẹ. Búrẹ́dì náà dùn. Inú tó ń bí i kò ní kó má jẹ búrẹ́dì.

Bámiṣẹ́ ni Japheth gbé iṣẹ́ náà fún. Láti Ìgbó-Ọrà dé Èrúwà, kò sẹ́ni tí kò mọ Bámiṣẹ́ ajẹ́ńtì. Ó máa ń wọ awò dúdú kódà nínú yàrá tí kò níná, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé ó ti ta ilẹ̀ àbàtà fún ẹnì kan rí, ó ní ilẹ̀ tí ọ̀dá omi kò lè dá láéláé ni. Kó tó mú ẹnikẹ́ni wá wo ilé Ọ̀ṣúndáre, ó ti kun ògiri iwájú ní ọ̀dà funfun, ó ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí pálọ̀, ó sì ti bẹ ẹni tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pé kó máa pa ẹ̀rọ tí òun bá ti ń mú oníbàárà bọ̀ lọ́sàn-án.

Àwọn tó kọ́kọ́ mú wá ni tíṣà kan láti Èrúwà, Ayọ̀kúnmi, àti Edith ìyàwó rẹ̀. Àríkẹ́ gbé àga fún wọn, ó gbé omi tútù fún wọn, ó kí wọn kú ẹsẹ̀ kú ìrìn. Bámiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àlejò ni màmá ń ṣe.

“Ẹ wo ilé,” Bámiṣẹ́ ní. “Ó ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ẹ̀ kò sí mọ́. Òrùlé ẹ̀ kì í jò. Ẹ bi Ìyá léèrè.”

“Kò jò,” ni Àríkẹ́ wí. “Láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, kò tíì jò rárá.”

Ayọ̀kúnmi gbé ojú sókè, ó wo àjà.

“Kànga wà?” Edith béèrè.

“Ó wà, ọmọ mi. Omi ẹ̀ dùn gan-an. Tẹ́ ẹ bá máa mu ún, kẹ́ ẹ tètè mu ún kó tó di pé ọyẹ́ dé. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ilé àwọn Mùjídàt lẹ́yìn lọ́hùn-ún la ti máa ń lọ pọn. Kò jìnnà, tórí yín bá gba garawa.”

Bámiṣẹ́ húkọ́. “Ìyá máa ń ṣàwàdà,” ó ní.

“Àwàdà kọ́ o. Ọmọ ọlọ́mọ làwọn yìí, wọ́n ti làágùn kí wọ́n tó rí owó yìí kó jọ. Tí mi ò bá gbà wọ́n nímọ̀ràn, ta ló fẹ́ gbà wọ́n? Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má ra ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sílé tí kò dáa. Ẹ wá lójò, kẹ́ ẹ dúró sínú yàrá, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi ń gbà wọlé. Ilé tí wọ́n bá sì kùn lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà á, ẹ fọwọ́ kan ìdí ògiri ẹ̀.”

Edith gbọ́ràn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìdí ògiri. Ọ̀dà Bámiṣẹ́ bá a lọ́wọ́ wá bí èèpo ẹyin, ikán sì yọjú láti wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Ayọ̀kúnmi sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ nǹkan kan tó ga díẹ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. “Kí lèyí?”

“Baálé ilé ni,” Àríkẹ́ dá a lóhùn.

“Baálé ilé wo, Ìyá?”

“Ọkọ mi. Ibẹ̀ la sin wọ́n sí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dà yín láàmú, wọn kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, nígbà tí wọ́n wà láyé pàápàá. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, àwọn ẹbí á máa wá kí wọn, ẹ̀yin lẹ ó sì máa se oúnjẹ. Ẹbí wa pọ̀ díẹ̀ ṣá.”

Kì í ṣe pé Edith kò mọ̀ pé wọ́n ń sin òkú sínú ilé. Ìyá ìyá tirẹ̀ wà nínú yàrá kan ní Èrúwà, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé àpótí aṣọ lé. Ṣùgbọ́n òkú ẹni yàtọ̀ sí òkú ẹlòmíràn. Kí Bámiṣẹ́ tó ronú irọ́ tí yóò pa, Edith ti wà nínú mọ́tò, ó ti de bẹ́líìtì mọ́ra.

Oníbàárà kejì jẹ́ ọkùnrin kan láti Èkó tó fẹ́ sọ ilé náà di òtẹ́ẹ̀lì. Eléyìí kò bẹ̀rù òkú, kò bẹ̀rù ikán, ó ní òun máa wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ni. Àríkẹ́ wò ó títí, ó sì mí kanlẹ̀.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi,” ó ní. “Àmọ́ ìyàwó gan-an, a máa ń ṣèwádìí ká tó fẹ́ ẹ. Ẹ sùn níbí di ọ̀la. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé, kó sùn níbẹ̀ kó tó sanwó. Ọ̀sán kì í sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ilé.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ọkùnrin náà sì sùn sí yàrá iwájú. Bámiṣẹ́ ti bẹ ẹlẹ́rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sán ló bẹ̀ ẹ́ sí, kò bẹ̀ ẹ́ nítorí ìdájí. Bí àkùkọ ṣe kọ báyìí, ẹ̀rọ gbágùúdá dún gbàù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin. Ògiri ń gbọ̀n, ife ń fò lórí tábìlì. Ọkùnrin Èkó sáré jáde pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ó ń kígbe pé ilé ti ń wó. Àwọn obìnrin tó tò síwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú agbọ̀n gbágùúdá kí i pé ẹ kú ojúmọ́. Ìgbà tí ó fi máa di pé ilẹ̀ mọ́, ó ti kọjá Abẹ́òkúta.

Oníbàárà mìíràn wá, ó lọ. Òmíràn wá, kò tiẹ̀ jókòó. Bámiṣẹ́ wá bá Àríkẹ́ níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ìyá, ẹ dákun, ẹ máa lọ sọ́jà tí mo bá ń mú èèyàn bọ̀.”

“Ọmọ mi, ṣé mo purọ́ fún ẹnikẹ́ni ni?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé mo bú ẹnikẹ́ni?”

“Rárá, mà. Ká tiẹ̀ ní ẹ bú wọn ni, wọn ì bá dúró!”

Bámiṣẹ́ fẹjọ́ sùn lórí fóònù. Japheth pe Àríkẹ́, ohùn rẹ̀ le. Ó ní, “Màmá, wọ́n ní ẹ ń ba ọjà jẹ́.” Àríkẹ́ ní òun kàn ń kí àlejò ni. Japheth mí hẹ̀ẹ̀, ó ní òun ti já iye ilé náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun tún máa já a wálẹ̀ sí i. “Màmá, nǹkan ti le. Ẹnikẹ́ni tó bá ti mú nǹkan wá báyìí, màá gbà á.”

Àríkẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó mú ẹ̀gúsí kan, kò bó o. Títí di ìgbà yẹn, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé kó lé àwọn oníbàárà títí yóò fi rẹ Japheth lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kàn án lára. Ẹnikẹ́ni? Ṣé òun kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni?

Obìnrin kì í jogún ọkọ, ṣùgbọ́n ó ń jogún bàbá. Bàbá Àríkẹ́ fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún un ní Ìdèrè, igi tíìkì ló gbìn kún un, igi náà sì ti dàgbà. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò gẹdú ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tà á fún àwọn. Japheth kò mọ̀. Àríkẹ́ kò fi pamọ́ fún un, òun ni kò bi í rí pé, “Màmá, kí lẹ ní?”

Ó mọ ọmọ tó tọ́. Tó bá sọ fún Japheth pé òun fẹ́ ra ilé, ọmọ náà á ní, “Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ra ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀ sí? Ẹ mú owó igi wá ká fi kún ti Ìbàdàn.” Yóò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú búrẹ́dì, títí òun á fi gbà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ. Ó ránṣẹ́ sí onígẹdú ní Ìdèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ kí Ògúndìran, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, nítorí ẹni tó bá ra ilé láìjẹ́ kí olórí ẹbí gbọ́, ẹjọ́ ló rà. Ògúndìran, ọdẹ àtijọ́ tí kì í fẹ́ rẹ́rìn-ín, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó yíjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Wọ́n ń gé igi lọ́wọ́ ní Ìdèrè ni Rùkáyyàh dé.

Òun nìkan ló wá, lórí ọ̀kadà, láti Tápà. Gàrí ló ń tà, ó ń kó o lọ sí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Bámiṣẹ́ kàn júwe ilé fún un lórí fóònù ni, kò tẹ̀lé e wá mọ́. Ojú ti ń ti awò dúdú rẹ̀.

Àríkẹ́ gbé omi fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní òrùlé ń jò.

“Páànù ni, Ìyá,” Rùkáyyàh ní. “Páànù ṣeé pààrọ̀. Ìpìlẹ̀ ni mo ń wò, ìpìlẹ̀ yìí kò sì sán.”

Àríkẹ́ ní kànga máa ń gbẹ.

“Ìgbà tó bá gbẹ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí i. Òun gan-an ló dáa.”

Àríkẹ́ ní ikán wà. Rùkáyyàh ní ní Tápà, ikán ló ń kí àwọn káàárọ̀. Nígbà náà ni ẹ̀rọ gbágùúdá dún gbàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Àríkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí ọmọbìnrin náà fò sókè. Ó fò sókè lóòótọ́.

“Ẹ̀rọ gbágùúdá nìyẹn? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé? Bámiṣẹ́ ò sọ fún mi! Ìyá, gbogbo ohun tí mo ń wá kiri nìyẹn o!” Ó sì dì mọ́ Àríkẹ́.

Àríkẹ́ já ara rẹ̀ gbà. Ó fa kápẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, ó fi ọkọ rẹ̀ hàn án. Rùkáyyàh kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kúulé o, Bàbá.” Ó dìde, ó ní bàbá àgbà òun náà wà nínú ilé àwọn, orí rẹ̀ làwọn máa ń jókòó sí jẹun, kò sì bínú sí ẹnì kankan rí.

“Ìyá, gbogbo ilé ló ní àìsàn tiẹ̀,” ni Rùkáyyàh wí. “Èyí tí wọ́n sọ àìsàn ẹ̀ fún mi, ó sàn ju èyí tí wọ́n kùn lọ. Ẹ ṣé gan-an. Màá rà á.”

Àríkẹ́ fa àga mọ́ra. Ó jókòó. Òótọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tán, gbogbo rẹ̀ ló ti ná, oníbàárà yìí sì dúró síbẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ wọn ìwọ̀n yàrá iwájú. Irọ́ kan gun ẹnu rẹ̀ wá. Ó lè sọ pé ilé ní ẹjọ́ ní kóòtù. Ó lè sọ pé ọkọ òun máa ń dìde. Irọ́ náà dùn lẹ́nu, ó ku kó sọ ọ́ jáde. Ó wo ojú ọmọbìnrin yìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí òkú ọkọ òun, kò lè sọ ọ́. Ìbẹ̀rù mú un, ó rí géètì Ìbàdàn níwájú rẹ̀ gbangba, omijé sì bọ́.

“Ọmọ mi,” ó ní, “òótọ́ kan ṣì kù tí mi ò tíì sọ. Èmi náà fẹ́ rà á.”

Rùkáyyàh yíjú padà. Àríkẹ́ wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí omi tó pọn dé orí igi Ìdèrè. Rùkáyyàh gbọ́ ọ tán, ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wo ògiri tó ṣí. Lójijì ẹ̀rín bú u, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Gbogbo àwọn tí ẹ lé lọ yẹn! Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ di pọ́ọ́kú tó fi tó owó ọwọ́ mi o!”

Ó nu ojú. Ó ní òun kò lè gba ilé mọ́ ẹni tó fún òun lómi mu nínú rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni Rùkáyyàh, kì í ṣe máléékà. Ó ní tí Ìyá bá ra ilé, kí wọ́n yá òun ní yàrá iwájú tó kọjú sí ẹ̀rọ, òun á máa kó gàrí sí i, òun á máa san owó ilé. Àríkẹ́ gbà lójú ẹsẹ̀. “Ẹ má wulẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ iye rárá,” ni Rùkáyyàh kìlọ̀ fún un. “Tí olọ́jà bá ti mọ̀ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ ọjà, ẹ ti gbé nìyẹn. Ẹ fi Bámiṣẹ́ sílẹ̀ fún mi.”

Bí Rùkáyyàh ṣe lọ bá Bámiṣẹ́ ná ọjà nìyẹn. Kó tó sọ̀rọ̀ owó, ó ka òrùlé, ó ka kànga, ó ka ikán, ó ka ẹ̀rọ pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá, ó fi Bàbá tó wà ní pálọ̀ parí rẹ̀. Ó rẹ Bámiṣẹ́ tẹnutẹnu. Òun fúnra rẹ̀ tiẹ̀ bá a fi kún un pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í tì dáadáa. Ló bá tẹ Japheth láago, ó sọ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kí Màmá tó tún bá a sọ̀rọ̀.”

Japheth gbà á.

Iwájú ilé Ògúndìran ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ohun tí à ń parí nínú yàrá. Japheth wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú táì. Bámiṣẹ́ jókòó ti ìwé àdéhùn tí wọ́n ti tẹ̀, wọ́n ṣẹ́ àyè orúkọ ẹni tó ń rà á kù, Rùkáyyàh ló ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ kù. Àwọn àgbà ẹbí àti àwọn ará àdúgbò jókòó yí wọn ká. Àríkẹ́ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi gèlè tuntun wé orí, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògúndìran húkọ́ díẹ̀. “Japheth, ilé bàbá rẹ tó wà lójú ọ̀nà Ìdèrè, ṣé o tà á, àbí o kò tà á?”

“Mo tà á, Bàbá.”

“Iye tí ẹ jọ ná, ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn? Kò sí pé ó di ọ̀la kó o ní wọ́n rẹ́ ọ jẹ?”

“Ó tẹ́ mi lọ́rùn, Bàbá. Mo tà á, mi ò ní yí i padà.”

“Gbogbo yín gbọ́?” Wọ́n ní àwọn gbọ́. “Ó dáa. Kí ẹni tó ń rà á sanwó.”

Gbogbo ojú yí sí Rùkáyyàh. Rùkáyyàh ń wo ojú ọ̀run. Àríkẹ́ ló tẹ fóònù, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ bí ọmọ onígẹdú ṣe kọ́ ọ. Fóònù Japheth dún nínú àpò. Ó yọ ọ́, ó wo álàátì náà, ojú rẹ̀ tàn. Lẹ́yìn náà ó ka orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ó tún un kà. Ó gbójú sókè.

“Màmá. Orúkọ yín ló wà níbí.”

“Orúkọ mi ni.”

“Owó ilé ni.”

“Owó ilé ni, ọmọ mi. Bámiṣẹ́, jọ̀ọ́, bá mi kọ orúkọ síbẹ̀. Má kọ Ìyá Japheth o. Àríkẹ́ ni kó o kọ.”

Bámiṣẹ́ bọ́ awò dúdú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Ìgbó-Ọrà rí ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì tóbi. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láàárín àwọn àgbà. Ẹnì kan ní èèwọ̀ ni, ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ò gbọ́ ọ rí.

“Ìyàwó kì í jogún ọkọ,” ni Ògúndìran wí. “Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń ṣe é. Ta ló wá sọ pé ìyàwó kì í ra ọjà?”

Bàbá kan tó ti fẹ́ dìde tún padà jókòó, ó ní àga ni òun ń tún ṣe.

Japheth kò rẹ́rìn-ín. Ó wá síwájú Àríkẹ́, ó lóṣòó. “Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi pé ẹ fẹ́ ilé? Ṣe ni ǹ bá fi ta yín lọ́rẹ.”

Àríkẹ́ wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé kò lè bínú sí i tán, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé kò lè gbà á gbọ́. Japheth fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wolẹ̀.

“O ò bi mí,” Àríkẹ́ ní. “Gbogbo àlejò tó wá ra ilé ló bi mí pé báwo ni ilé ṣe rí. Ìwọ nìkan ni kò bi mí.”

Japheth kàn ń yí okùn táì mọ́ ìka.

“Ilé tó o fẹ́ rà ní Ìbàdàn yẹn,” Àríkẹ́ tún ní, “ṣé o ti lọ wò ó lójò?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni?”

Japheth ní, “Funfun ni wọ́n kùn ún.”

Rùkáyyàh fi ìborùn bo ẹnu. Àríkẹ́ na ọwọ́, ó gbé ọmọ náà dìde. Ó ní òun máa tẹ̀ lé e dé Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí òun bá a wo ìdí ògiri, ṣùgbọ́n òun kò ní sùn níbẹ̀.

Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé, àwọn ẹlẹ́rìí náà tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n pín obì, olúkúlùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Àríkẹ́ ti ṣíwájú délé. Ó ti wọ pálọ̀, ó ti ká kápẹ́ẹ̀tì Bámiṣẹ́ nílẹ̀ kó lè dá a padà fún un, kó má di pé wọ́n ní òun jẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ ilé. Ó sọ̀rọ̀ sí ibi tó ga nílẹ̀ yẹn, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ mú mi wọ inú ilé yìí. Lónìí, èmi ni mo ra ilé mọ́ yín lórí. Ẹ má bínú o.”

Nígbà tó gbójú sókè, Japheth ló rí lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé báàgì rẹ̀ dání, kò wọlé. Ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ inú ilé yìí ni wọ́n bí i sí.

“Màmá,” ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. “Ṣé kí n wọlé?”

Àríkẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dáhùn kíákíá. Kò fi ìkà ṣe é. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé ọkọ, kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí, ó sì fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ létí òun.

“Wọlé, ọmọ mi,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Ṣùgbọ́n bọ́ bàtà ẹ síta. Ilé onílé nìyí.”

Japheth bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà.